Àmì Tí Kò Fẹ́ Lọ

"Ṣé o ò tíì ṣe tán ni?" Ìyá ló ń béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, màámi."

Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Láti àárọ̀ ló ti ń tún fọ́tò ìyá rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí olùkọ́ rẹ̀ lè gbé e sórí ayélujára, àmọ́ àmì dúdú bíńtín kan jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, kò gbọ́, kò gbà. Ó pa á rẹ́ títí, kò lọ. Nígbà tó sú u, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìpàrẹ́ tó tóbi jù lórí kọ̀ǹpútà náà, ó fi nu gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyá nínú fọ́tò. Pàbó. Tìbínú-tìbínú ló fi tọ́jú fọ́tò náà sórí ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ pa rẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́.

Ìyá sún mọ́ ọn, ó fi ìka nu ojú kọ̀ǹpútà. Àmì náà bá ìka rẹ̀ lọ.

"Ìdọ̀tí lásán ni."

Ó wá tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Ó fọwọ́ kan àmì tí wọ́n bí mọ́ ọn lẹ́bàá ètè, ó wo irú rẹ̀ lẹ́bàá ètè ọmọ.

"Tiwa dà?"