Páìpù Tínrín Ara Ògiri Waino

Ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á parí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lágídí jù nínú ẹbí yín. Àdúgbò wa níhìn-ín, lókè Míṣígàn ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ gbogbo wọn.

1.
Waino Kesti ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Lempi ìyàwó rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀ ló máa ń wà. Nítorí Lempi ni Waino ṣe ra bọ́ílà tuntun tó ń mú ilé gbóná. Bọ́ílà yìí máa ń kán omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ìdérí ìkòkò ṣe ń làágùn. Omi náà gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ílà á kú fúnra rẹ̀.

Senja Harju, opó tó ń gbé ilé kejì, ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tún bọ́ílà ṣe. Ó wá wò ó.

"Bọ̀dá Waino, inú ilé ni kí ẹ jẹ́ kí omi yìí gbà, kó bá omi ìfọṣọ lọ."

"Ṣé orí ẹ pé? Á gba inú sáúnà, yàrá ìlàágùn onípákó mi, kọjá! Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan pákó yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní dá ihò sí i."

"Tó bá wá jẹ́ ìta, ẹ lo páìpù tó fẹ̀, kó kúrú, kó dorí kodò, kí ẹ sì fi nǹkan wé e. Èyí tí ẹ gbé síbẹ̀ ò ju ìka lọ, ó tún gùn gbọọrọ lára ògiri. Á dì."

"Senja, ṣé mo ránṣẹ́ pè ẹ́ ni? Gbójú ẹ kúrò lára ilé mi!"

"Ó dáa, sà. Mo ti gbé e kúrò."

2.
Òtútù àkọ́kọ́ dé, páìpù dì gbagidi, bọ́ílà kú. Waino gbé kẹ́tù omi gbígbóná jáde, ó dà á lé páìpù, bọ́ílà tún jí. Ẹ wá wo yẹ̀yẹ́! Ó ń pariwo kí Senja lè gbọ́: "Kẹ́tù kan péré! Àwọn onímọ̀ dà?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé.

Lempi ní, "Ọkọ mi, ẹ bẹ Senja. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí ẹ ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Ibo ni mò ń lọ?"

3.
Ó lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Jánúárì, ó ní òun fẹ́ lọ pẹja lórí adágún tó ti dì. "Wákàtí méjì péré, Lempi mi. Ẹja lo máa jẹ lónìí." Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé ife tíì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fóònù wà lórí tábìlì níbi tó ti ń gba iná, ọwọ́ Lempi ò tó o.

Aago mẹ́wàá, bó ṣe jáde tán, páìpù dì. Ní ọ̀sán, ìjì ìrì dídì bẹ̀rẹ̀, èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Waino há sínú ahéré apẹja. Ó kígbe, ó sunkún, apẹja méjì tí wọ́n jọ há síbẹ̀ ló dì í mú kó má baà jáde lọ kú.

4.
Ládùúgbò wa, a kì í mu kọfí àárọ̀ láì wo èéfín bọ́ílà ilé aládùúgbò. Tí èéfín ò bá jáde, à á lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, kí ìjì tó dé, Senja wòta, kò rí èéfín lórí ilé Waino. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó tiẹ̀ so okùn rẹ̀ tán. Ó wá rántí: "Gbójú ẹ kúrò lára ilé mi." Kò mọ̀ pé Waino ò sí nílé.

"Kó lo kẹ́tù ẹ̀," ló wí. Ó bọ́ bàtà náà.

5.
Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìjì dáwọ́ dúró. Waino sáré wọlé. "Lempi! Lempi mi!"

Tíì inú ife ti di yìnyín. Lempi ò dáhùn, kò sì ní dáhùn mọ́ láéláé. Omi inú àwọn páìpù ilé ti dì, wọ́n ti bẹ́, yìnyín ti fa pákó yàrá ìlàágùn ya. Waino ò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Senja kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bọ̀dá, mo ti wọ bàtà o. Mo ti wọ bàtà tán!"

"Èmi ni mo ní kí o má wò," ni Waino dáhùn.

Ilé náà ti ṣófo báyìí, Waino ò gbé ibẹ̀ mọ́. Èéfín ò jáde níbẹ̀ mọ́, gbogbo wa ṣì ń wò ó láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ jẹ́ kí omi bọ́ílà yín gba inú ilé. Tó bá di dandan kó gba ìta, ẹ ṣe é bí Senja ṣe wí. Ihò kan lára pákó kì í pa èèyàn! Ẹ̀yin aládùúgbò náà, tí ẹ bá ti wọ bàtà, ẹ lọ. Ẹ lọ gba èébú níbẹ̀, ó sàn ju ẹkún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òtútù kìlọ̀ fún Waino kó tó mú Lempi lọ. Awífúnni kó tó dáni, àgbà ìjàkadì ni.