Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Ìborùn

Ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin láàárín èrò, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú tí Torsha ọmọ mi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ní ìlú Rajshahi, ní Bangladesh.

Arẹwà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lábẹ́ ìborùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ń tẹ̀ lé wa.

Gbogbo Fesibúùkù ló sì ń pariwo gbọ́mọgbọ́mọ.

Bí wọ́n bá gbé Torsha, kò lè pè mí. Ìró agogo nìkan ló ń mú un figbe ta. Torí ẹ̀ ni ilé ìwé ṣe lé e.

Kẹ̀kẹ́ wa fẹ́ẹ̀ gbéra, ọkùnrin náà dí wa lọ́nà.

"Ìyá Torsha, ẹ dúró!"

Mi ò sọ orúkọ ọmọ mi fún un rí.

"Yọ ọwọ́ ẹ síta, àbí kí n kígbe olè!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó lójú ná. Ó mọ ọwọ́ yìí."

"Kí lo fi ṣe é?"

"Èmi ni mo máa ń lu agogo ilé ìwé. Torí kó má baà figbe ta ni mi ò ṣe tètè sún mọ́ yín."

Mo fa Torsha mọ́ra.

"Mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé títí, wọ́n ti tú agogo náà kúrò. Àsíá ni mò ń jù dípò rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí Torsha padà wá."

Ó yọ ọwọ́ jáde, lẹ́tà ọ̀gá wà nínú ẹ̀.

Torsha wo ọwọ́ náà. Kò figbe ta.

Òun ló gba lẹ́tà náà.