Òwú Pupa Nínú Ìtẹ́ Àkọ̀

Stamen fẹ́ràn ìyìn ju bí ọmọ ọwọ́ ṣe fẹ́ràn ọmú lọ. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní bò ó. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Àmọ́ tí èèyàn bá ti wo fọ́tò tó yà, tó pariwo “háà!”, kò sí ohun tí kò lè ṣe kó lè tún gbọ́ “háà” náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa o. Inú ọgbà Màmá Nedyalka, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló ti kọ́ fọ́tò yíyà. Á dọ̀bálẹ̀ sáàárín àlùbọ́sà àti òdòdó, á máa ya ìgbín, á máa ya oyin, ìrì á rin aṣọ rẹ̀ gbindin. Nígbà tí ọgbà sú u, ó bọ́ sí pápá àti orí òkè. “Stamen mi lójú,” ni màmá máa ń wí. Ó lójú lóòótọ́. Àánú ni kò ní.

Lórí òpó tí èéfín ń gbà jáde nílé màmá, àkọ̀ méjì, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, takọtabo, máa ń wá kọ́ ìtẹ́ kí wọ́n lè yé, kí wọ́n sì pamọ lọ́dọọdún. Ọmọ kan ṣoṣo tí màmá bí ti lọ ṣiṣẹ́ ní Sípéènì, kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn ẹyẹ yìí nìkan ló ń lọ tó ń padà wá. Bí oṣù kẹta bá ti wọlé, màmá á lọ́ òwú pupa mọ́ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní martenitsa, á so ó mọ́ àwọn èèyàn lọ́rùn ọwọ́ fún àlàáfíà. Wọn kì í tú u àfi ọjọ́ tí wọ́n bá rí àkọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń tú u, tí wọ́n á so ó mọ́ igi eléso. Ti Stamen nìkan ló yàtọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ aró kan ni màmá máa ń fi sí i.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àkọ̀ dé, gbogbo èèyàn tú òwú. Stamen tú tirẹ̀, àmọ́ inú àpò ló fi í sí. Ó ti rò ó pé bí àkọ̀ bá lè fẹnu mú òwú náà, ta ló máa rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí kò ní pariwo?

“Màmá, òrùlé yín ti ń jò. Ẹ jẹ́ n gùn ún lọ tún un ṣe.”

“Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Rọra o! Jẹ́ n bá ọ di àkàbà mú.”

Ìyá arúgbó di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Stamen dókè, ó so òwú pupa gígùn mìíràn mọ́ èyí tí màmá fún un kó lè hàn dáadáa, ó sì dì í mọ́ ìtẹ́ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tòkè ń wò ọ́.

Fọ́tò náà jáde lóòótọ́: àkọ̀ funfun, òwú pupa lẹ́nu. Ó fi gba ipò kìíní nínú ìdíje fọ́tò, wọ́n sì gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú. “Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ẹyẹ fúnra rẹ̀ ló mú oríire wá!” ni àwọn èèyàn ń wí. Stamen rẹ́rìn-ín, kò sọ pé òun ló gbé òwú náà lọ síbẹ̀.

Ẹyin pa. Lọ́jọ́ kan, láti inú ọgbà, Stamen fi awò gígùn kámẹ́rà rẹ̀ wòkè, ó rí i pé òwú ti wé mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ àkọ̀ kan. Àkàbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ tó bá gùn ún, wọn ò ní bi í pé báwo ni òwú ṣe débẹ̀? “Á já fúnra rẹ̀,” ló wí, ó sì bo ojú kámẹ́rà. Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn o. Àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Nígbà tí ìyẹ́ gún tán, àwọn ọmọ yòókù fò lọ. Eléyìí fò, òwú fà á padà, ó sì so rọ̀ lẹ́bàá òpó, orí nílẹ̀ ẹsẹ̀ lókè. Àwọn òbí rẹ̀ ń pòòyì, màmá ń ké. Rusko, káfíńtà tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ló sáré gun àkàbà lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Òwú ti gé ẹsẹ̀ ẹyẹ dé egungun. Inú épírọ́ọ̀nù màmá ló kú sí. Bí Rusko ti ń tú òwú náà, ìlẹ̀kẹ̀ aró bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ màmá.

Màmá wò ó títí. “Stamen, èyí tí mo so mọ́ ọ lọ́wọ́ rèé.”

“Màmá, mi ò mọ̀ pé…”

“O ò mọ̀? Ìwọ tí ò ń fi awò wo irun ojú eṣinṣin?”

Rusko yíjú sí i. “Kámẹ́rà ẹ dà? Ó yá, ya eléyìí náà! Oòrùn ò kúkú tíì wọ̀.”

“Èmi ni mo di àkàbà mú fún un,” ni màmá ń wí. “Èmi fúnra mi ni mo dì í mú.”

Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Wọ́n já fọ́tò náà lulẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Nígbà tí oṣù kẹta tún dé, màmá so òwú mọ́ gbogbo abúlé lọ́wọ́, títí kan ẹni tó ń pín lẹ́tà. Stamen na ọwọ́ tirẹ̀. Màmá kàn ká òwú tó kù sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

Àkọ̀ ò wá sórí òpó náà mọ́. Àwọn aráabúlé rí àkọ̀ nínú pápá, wọ́n tú òwú wọn, wọ́n ní kí màmá tú tirẹ̀. “Ti orí ilé mi ni mò ń dúró dè,” ló wí. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ewé wọ́, òwú ṣá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí yìnyín tó bọ́, màmá kú.

Níbi òkú, Stamen ń sunkún, ó na ọwọ́ láti tú òwú náà. Rusko gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í sílẹ̀. Ẹyẹ tí ì bá mú kó tú u, ìwọ lo lé e lọ.”

Wọ́n sin ín tòun tòwú. Stamen ṣì ń gbé abẹ́ ìtẹ́ òfìfo yẹn. Kò ya fọ́tò mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń so òwú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ohun rírẹwà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹwà tí Ọlọ́run dá kì í ṣe ohun ìṣeré ẹnikẹ́ni. Ẹni tó máa mú ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Bí o bá sì ti ṣe àṣìṣe, gun àkàbà lójú gbogbo ayé kí o lọ tún un ṣe. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àbámọ̀ tó ń báni dalẹ́ lọ.