Ohùn Ọ̀pọ̀lọ́ Nídìí Okùn

Àlọ́ mi kò yà lọ́dọ̀ Ìjàpá lónìí. Ó ré kọjá, ó balẹ̀ gbì sídìí okùn tí àwọn ọmọ ẹran igbó àti ọmọ ẹran ilé fẹ́ jọ fà.

Ẹkùn tó ń kọ́ àwọn ọmọ igbó bú mọ́ wọn: "Ẹni tó bá fà jù nínú yín ni yóò nìkan jẹ agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí. Ọ̀lẹ á jẹ ẹgba!"

Ẹ wá wo ọgbọ́n Àgbébọ̀ Adìẹ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ọmọ mi, ibo lo fẹ́ dúró?" Ajá mú iwájú, Àgbò mú ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé lẹ́yìn àmù bú sẹ́kún: "Ìyá, ohùn nìkan ni mo ní."

"Ohùn ọ̀hún gan-an la ń wá."

Okùn le. Lápá igbó, bí Ọmọ Erin ti ń fà ni Ọmọ Ẹfọ̀n ń dẹwọ́, kí agbára Erin má baà hàn, kó má sì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Lápá ilé, Ọ̀pọ̀lọ́ dá orin:

Ajá, ṣé o wà ńbẹ̀?
*Mo wà, ẹ jẹ́ ká fà á!*
Àgbò, ṣé o wà ńbẹ̀?
*Mo wà, ẹ jẹ́ ká fà á!*

Bí wọ́n ti ń gbè é ni wọ́n ń fà á, títí àwọn ọmọ igbó fi ṣubú lé ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ Erin wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Àgbébọ̀. "Ìyá, ẹ gbà mí sọ́dọ̀ yín. Mo lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi lánàá."

Àgbébọ̀ wojú Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ gbé orin:

Erin, ṣé o wà ńbẹ̀?