Ohun tí Rédà Ò Rí

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ọkọ Misturah ń wà dàwátì, Misturah àti Khàdíjàt lọ sílé Láníyì ní Dutse Alhaji. Wàsíù, ọkọ Khàdíjàt, wà nínú ọkọ̀ náà. Òun àti oníṣòwò kan ni wọ́n jọ ń gbé wúrà lọ fún oníbàárà. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí àfọ́kù irin kankan. Láníyì ti ṣiṣẹ́ rédà, ẹ̀rọ tó ń wá ọkọ̀ lójú òfurufú, títí tó fi fẹ̀yìn tì, Khàdíjàt sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀rọ náà ò fi rí ọkọ òun. Misturah ní kò ní dá lọ.

Láníyì gbé omi tútù fún wọn. Ó ní ṣe ni iṣẹ́ rédà dà bí ẹni tó ń pariwo sí àpáta, tó ń retí kí ohùn òun padà. Bí ariwo náà bá ṣe lágbára tó, bí etí tó ń gbọ́ ọ bá ṣe fẹ̀ tó, bí ohun tó lọ kọlù bá ṣe tóbi tó, ìyẹn ló ń sọ bóyá nǹkan kan á padà wá.

“Ṣùgbọ́n jíjìnnà ló burú jù,” ó ní. “Bí ọ̀nà bá fi ìlọ́po méjì jìn sí i, ìdá kan péré nínú mẹ́rìndínlógún ló máa padà. Ọkọ̀ yẹn kéré, ó sì ti jìnnà.”

Khàdíjàt ń sunkún. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan jẹ̀bi. Láníyì ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Misturah fà á mọ́ra. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti dàwátì, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu òun náà, oorun ò sì kùn ún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀.

“Bàbá, tó bá fò nísàlẹ̀ gan-an ńkọ́, lẹ́yìn òkè?”

“Òkè á bò ó, ọmọ mi. Bó tiẹ̀ yà síbòmíràn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.”

“Títí láé?”

“Títí láé. Ẹ má fìyẹn da ara yín láàmú mọ́.”

Ìgbà yẹn ni Misturah bú sẹ́kún. Khàdíjàt ló wá ń tù ú nínú.

Misturah fi mọ́tò rẹ̀ gbé Khàdíjàt padà sí Kabusa, ó gbé ọmọ Wàsíù mọ́ra, ó sì ṣàdúrà fún un.

Nígbà tó ku òun nìkan nínú mọ́tò, ó pe ọkọ rẹ̀ ní Parakou, lẹ́yìn ẹnubodè, ó ní kó fọkàn balẹ̀, kó ta wúrà náà, torí kò sẹ́ni tó máa dé ibi tó sin Wàsíù àti oníṣòwò náà sí.