Wúrà Ìyàwó Ilé Abdulganiyu

Lọ́sàn-án ni Ìdrís, ẹ̀gbọ́n ọkọ Nàfísàt, pè é pé kó máa bọ̀ ní Ọ̀fà, Alhaja, ìyá ọkọ rẹ̀, ń bèèrè rẹ̀. Kò sọ ohun tí Alhaja ń bèèrè rẹ̀ fún. Nàfísàt ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa ní Ìlọrin, ó wọ bọ́ọ̀sì, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ fi já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀.

Ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Láti Àbújá títí dé Èkó, àwọn olówó ló ń ra wúrà ilé Abdulganiyu, ọnà tó sì gbé orúkọ wọn jáde ni Ìjàkadì: ẹ̀gbà ọrùn tí ọwọ́ wúrà méjì gbá ara wọn mú níwájú rẹ̀. Láti ayé Abdulganiyu, ọkọ Alhaja, kò sẹ́ni tó yí i padà. Nàfísàt, tó ń ya ọnà tuntun fún ilé náà, ló yí i padà. Ó tú ọwọ́ méjèèjì kúrò lára ara wọn, ó fi òkúta pupa sáàárín. Wọ́n kúkú máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí.

Sódìq, ọkọ rẹ̀, rí ọnà náà lánàá, wọ́n sì jà lé e lórí. Ó ní ìyá òun ò ní gbà á láéláé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ mọ́tò, ó ní òun á yà kó ẹrù àfihàn l'Ọ́fà kóun tó kọrí sí Èkó. Kò dágbére dáadáa. Láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ ò lọ. Bí inú bá ń bí Sódìq, pípa ló máa ń pa fóònù, ìyẹn kì í ṣe tuntun.

Ohun tó ń dẹ́rù ba Nàfísàt ni ọ̀rọ̀ Tóyọ̀sí, ìyàwó tí Ìdrís kọ́kọ́ fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ Tóyọ̀sí sílẹ̀, yàrá Alhaja ni wọ́n pè é sí. Ibẹ̀ ló ti bọ́ gbogbo wúrà tí wọ́n fi gbé e níyàwó, tó sì jáde lọ́rùn lásán. Àṣà ilé wọn ni. Ìyàwó tó bá ń lọ kì í mú wúrà lọ.

Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìpàdé ẹbí, Nàfísàt sọ nínú ara rẹ̀. Khàdíjàt, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí kì í rí i kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdrís ní kí Nàfísàt mú fóònù rẹ̀ wá, ó gbà á, ó fi í sápò. Nínú pálọ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Lemọ́mù tó so yìgì òun àti Sódìq wà láàárín wọn. Ẹni tó so ó náà ló wá tú u yìí, Nàfísàt rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì wọ yàrá Alhaja.

Alhaja nìkan ló wà lórí ẹní nínú yàrá. Kò sí wúrà létí rẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Alhaja."

"Jókòó, ìyàwó mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà." Irọ́ ni.

"Omi wà nínú abọ́ yẹn. Fọ tìróò ojú rẹ kúrò."

Nàfísàt fọ ọ́. Ó fi ìborùn nu ojú.

"Bọ́ yẹtí rẹ fún mi."

Ó bọ́ ọ. Alhaja tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. "Ó pẹ́ tí o ti ń bi mí ní ìtàn ọnà wọ̀nyí, tí mò ń sọ pé ó dọjọ́ mìíràn. Bàbá ọkọ mi ló ṣe èyí. Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ló ti ń rọ wúrà nígbà náà. Iná tí wọ́n fi ń dá rélùwéè dúró ló ń wò tó fi yà á." Ó fi yẹtí náà sínú àpótí kékeré kan. "Ẹ̀gbà ọrùn ńkọ́?"

Ìjàkadì àtijọ́ ló wà lọ́rùn Nàfísàt. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ wá ni, kó lè fi bẹ̀bẹ̀.

"Ọdún tí wọ́n so yìgì wa ni ọkọ mi ya èyí," ni Alhaja wí. "Ó ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ bí tọkọtaya bá ń jà, kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn sílẹ̀." Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbà náà lọ́rùn Nàfísàt. "Mo ti rí tuntun tí o ṣe. Sódìq fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí nígbà tó yà láàárọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín."

Nàfísàt rò pé ó yé òun wàyí. Ọkọ òun ti fẹjọ́ sùn, ó tún fi òun rẹ́rìn-ín.

"Alhaja, ẹ dárí jì mí."

Alhaja tú Ìjàkadì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi í sínú àpótí. "Ẹ̀gbà ọwọ́."

"Ìyẹn kì í ṣe ti ìdílé, mà. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀. Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ó ku òrùka. Nàfísàt di ẹ̀ṣẹ́, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ má lé mi, Alhaja. Mo máa tún ọwọ́ méjèèjì so pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Sódìq dé ná, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ mi mọ́."

Alhaja tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rọra yọ òrùka náà, ó ní, "Ta ló ń lé ọ, ọmọ mi? Mọ́tò Sódìq ò dé Èkó, opó kì í sì í lo wúrà."