Ẹni Keje

Káńsù ti sọ ọ́: bí ènìyàn kò bá pé méje nínú kíláàsì náà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọn yóò tì í pa. Mẹ́fà ni wọ́n.

Yàrá kan lẹ́yìn láìbúrárì ní Peckham, nílùú Òyìnbó, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀fẹ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ń kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa kíláàsì jẹ rí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì tán tí wọ́n fi mú un kúrò; ó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí yóò parí láyé rẹ̀.

"Uncle, ẹ jẹ́ kí n mú ọkọ mi wá," ni Bàrákàt, tó ń dirun ní Rye Lane, wí. "Ẹ kàn máa sọ fún wọn pé he's been coming since."

"Wọn kò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi."

"Ah, Uncle! Irọ́ kékeré?"

Adésànyà kọjú sí olùkọ́ wọn, Kánsọ́lá. "Tíṣà, kí ni àwọn Gíríìkì yìí ní ènìyàn jẹ́?"

"Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní ìyẹ́ ni. Everybody clapped. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Uncle, it's so funny..."

"Ó tó. Mo ti ka ìyókù nílé."

Ní Ọjọ́bọ̀, Adésànyà tètè dé, òun àti Vincent. Àga ẹ̀yìn ni ó fi í sí. Vincent kò ga, nítorí náà ó fi ìwé atúmọ̀ èdè méjì sí i nídìí. Ara rẹ̀ tutù gan-an. Adésànyà bọ́ kóòtù tirẹ̀ wọ̀ ọ́, ó dé e ní fìlà, ó sì fi síkáàfù bò ó lójú.

Bàrákàt wò ó títí. "Uncle, ṣé wọ́n ṣe bísímílà sí i?"

"Wọ́n ṣe é."

"No wahala, nígbà yẹn." Ó jókòó tì í.

Bernice, obìnrin tí káńsù rán wá, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kánsọ́lá ń sọ ìtàn ọlọ́gbọ́n tó ń wo ìràwọ̀ títí ó fi já sí kànga. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Adésànyà pàápàá.

"Ẹni ẹ̀yìn yẹn kò rẹ́rìn-ín," ni Bernice wí.

"Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín," Adésànyà dáhùn.

"Áà, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kì í ṣe ọmọdé? Àgbà nìkan la gbà láyè."

"Nínú gbogbo àwọn tí mo bá níbi tí mo ti rí i, òun ló dàgbà jù."

"Orúkọ rẹ̀?"

Adésànyà ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ṣọ́ọ̀bù tó wà nídìí àga. "Vincent."

"Ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ènìyàn méje ni yín?"

Adésànyà dìde dúró. "Gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú kíláàsì yìí, mà, méje ni wá."

Kánsọ́lá ń wo bàtà rẹ̀. Bernice ní kí wọ́n máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó juwọ́ sí Vincent kó tó lọ, ó ní kí ara rẹ̀ tètè yá.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bàrákàt gé Vincent sí wẹ́wẹ́, ó fi ata rodo àti àlùbọ́sà dín in, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì gbà pé àwọn kò tíì jẹ tòlótòló tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ rí.